Rifọ́fà ẹ̀gbọ́n mi ní Houston: tírígà le, sáìtì ò hàn. Èwo ni kó kọ́kọ́ tún ṣe?

Àbúrò_Sápọ̀n

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston ní rifọ́fà kan, ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ ń yí, Ruger GP100, ọlọ́ta mẹ́fà, irú ọta .357 Magnum, ọ̀pá rẹ̀ gùn ní íńṣì mẹ́rin. Ṣọ́ọ̀bù ló ti rà á, ìwé rẹ̀ pé. Ẹjọ́ méjì ló ń rò fún wa lórí WhatsApp ẹbí. Àkọ́kọ́, tírígà rẹ̀ le: ó ní kóun tó fà á dópin, ọwọ́ òun á ti máa gbọ̀n, ọta á sì ya sápá òsì. Èkejì, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Sáìtì iwájú, irin kékeré orí ọ̀pá tí wọ́n fi ń fojú sùn, dúdú, àmì tí wọ́n ń yìn lù náà dúdú. Bó bá gbé ìbọn sókè, dúdú ti bọ́ sínú dúdú, kò rí nǹkan kan mọ́.

Ẹnì kan ní pápá ìyìnbọn ní kó ra sípírìngì tó rọ̀, kó fi rọ́pò ti inú rẹ̀. Ẹlòmíì ní kó tú u palẹ̀, kó fi fáìlì ha ibi tí irin ti ń kan irin. Torí pé bàbá wa rọ ṣakabùlà títí wọ́n fi darúgbó, bọ̀ọ̀dá gbà pé gbogbo ọmọ ilé wa ló mọ ìbọn. Iṣẹ́ àkáǹtì ni èmi ń ṣe ní tèmi o! Owó tó fẹ́ ná ò ju igba dọ́là lọ. Ó tún ní bóun bá fẹ̀yìntì, òun á gbé e wálé wá sí Abẹ́òkúta. Ẹ bá mi dá sí i.

Pánsẹ́kẹ́_Tẹkí

Sípírìngì ni, kí ló tún kù? Mo ti wo fídíò ẹ̀. Kò wọ́n rárá. Ẹ ní kí wọ́n ra èyí tó rọ̀ jù lọ níbẹ̀, kí wọ́n ju ti àtijọ́ nù. Tírígà á máa lọ wẹ́rẹ́.

Ẹ̀gbá_Texas

@Pánsẹ́kẹ́_Tẹkí, fara balẹ̀ ná, àbúrò. Kí wọ́n má ju nǹkan kan nù.

Àbúrò_Sápọ̀n, Dallas lèmi wà. Smith & Wesson 686 ni mo ní, mo sì ti yin GP100 dáadáa. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìbọn yẹn kẹ́nikẹ́ni tó mú fáìlì. Bí bọ̀ọ̀dá bá kàn fa tírígà láìfọwọ́ kan hámà, irin ẹ̀yìn ìbọn tó ń gbá ìdí ọta, iṣẹ́ mẹ́ta ni ìka kan ṣoṣo yẹn ń ṣe: ó ń yí ilé ọta kí ihò tuntun lè bọ́ sí ìdí ọ̀pá, ó ń ti hámà lọ sẹ́yìn, ó sì ń tú u sílẹ̀ kó lọ gbá. Ìdí nìyẹn tó fi wúwo. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-iṣẹ́ jáde sábà máa ń gba agbára bíi pọ́n-ùn 10 sí 12. Àmọ́ bí wọ́n bá fi àtàǹpàkò fa hámà sẹ́yìn kí wọ́n tó fọwọ́ kan tírígà, iṣẹ́ méjì ti parí nìyẹn, ohun tó kù fún ìka ò ju bíi pọ́n-ùn 3 sí 5 lọ.

Kí wọ́n dán ọ̀nà méjèèjì wò lórí àmì kan náà. Bí wọ́n bá fa hámà ṣáájú tí ọta lọ sójú ibi tí wọ́n fẹ́, tí wọ́n wá fà á gbọọrọ tó ya sósì, ìbọn ò ṣẹ̀ wọ́n. Ìka wọn ló ń ti ìbọn. Ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún ló sábà máa ń rí i bẹ́ẹ̀.

Fífa òfo ni oògùn ẹ̀. Kí wọ́n tú gbogbo ọta jáde, kí wọ́n kà á, kí wọ́n gbé e lọ sí yàrá míì, kí wọ́n tún padà wá wo ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kí wọ́n dojú kọ ògiri tí ọta ò lè là kọjá, kí wọ́n máa fa tírígà díẹ̀díẹ̀ lálaalẹ́, kí wọ́n sì tẹjú mọ́ sáìtì iwájú: ṣé ó mì nígbà tí hámà bọ́? Ọjọ́ tí kò bá mì mọ́, ìbọn náà á ti yàtọ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó ṣe GP100 kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi tì í pé fífa òfo ò ní bà á jẹ́. Rifọ́fà .22 ni kí wọ́n má dán an wò lára ẹ̀, torí abẹ́rẹ́ tiẹ̀ lè máa gbá etí irin. Bí ọkàn wọn ò bá balẹ̀, ọta irọ́ wà tí wọ́n ń tà, kò wọ́n. Irin inú ìbọn náà á sì máa dán síra wọn bí wọ́n ṣe ń fà á. Ọ̀pọ̀ tírígà tó le lónìí, ìbọn tuntun tí wọn ò tíì lò ló ń dà á láàmú.

Ọmọ_Ọdẹ_Olúmọ

Ọ̀rọ̀ fáìlì yẹn ló bà mí lẹ́rù. Mo ti rí i bí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ṣe ń tún hámà ṣakabùlà ṣe. Wọ́n á fi ẹ̀mú mú un, wọ́n á ha á, wọ́n á dán an wò, wọ́n á tún ha á. Bó bá bà jẹ́, irin míì wà nínú iná, wọ́n á rọ òmíràn. Ibẹ̀ làwọn èèyàn wa ti ń rò pé bákan náà ni gbogbo ìbọn rí. Ṣakabùlà ò tiẹ̀ ní sáìtì tó jọ sáìtì. Ọdẹ ń wo ojú ọ̀pá lọ tààrà ni, ọ̀wọ́ ọta wẹ́wẹ́ ló sì ń fọ́n jáde. Rifọ́fà, ọta kan péré ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n Texas, ẹ dákun, ṣé irin inú rifọ́fà le bákan náà láti ojú dé inú?

Ẹ̀gbá_Texas

Ìbéèrè ọmọ ọdẹ lóòótọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ rifọ́fà, pàápàá àwọn ti àtijọ́, ojú tírígà àti ojú hámà nìkan ni wọ́n fi iná mú le. Awọ fẹ́lẹ́ ni. Fáìlì á gé awọ yẹn kọjá, irin rírọ̀ á yọjú, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni eyín kékeré kan tó wà lára hámà. Òun ni tírígà ń mú dání nígbà tí hámà bá wà lẹ́yìn. Ẹ ha eyín yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ fa hámà sẹ́yìn, ẹ fi àtàǹpàkò tì í síwájú díẹ̀, á já lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fa tírígà. Alágbẹ̀dẹ ìbọn tó kọ́ṣẹ́ á fi òkúta dán ẹ̀gbẹ́ àwọn irin tó ń fara kanra, igun eyín yẹn kò ní fọwọ́ kàn án. Kò sì sí fídíò tó máa fún bọ̀ọ̀dá ní ọwọ́ yẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n dán an, kí wọ́n gbé e lọ fún ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ẹ̀ ní Houston, wọ́n pọ̀ níbẹ̀.

Pánsẹ́kẹ́_Tẹkí

Ẹ̀gbọ́n, fáìlì ti kúrò níbẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n sípírìngì ńkọ́? Àwọn tó ń díje ń lo sípírìngì rírọ̀, àbí irọ́ ni? Jerry Miculek, eléré ìje ìbọn ará Amẹ́ríkà, ńkọ́? Lọ́dún 1999 ó yin ọta mẹ́fà, ó kó mẹ́fà míì sínú rifọ́fà, ó tún yìn ín tán, gbogbo ẹ̀ gba ìṣẹ́jú-àáyá 2.99! Ṣé tírígà líle ló fi ṣe ìyẹn?

Ẹ̀gbá_Texas

Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń díje ń yan ọta fún sípírìngì ẹ̀ ni. Hámà tí sípírìngì rẹ̀ rọ̀ ò ní agbára láti gbá ìdí ọta dáadáa. Ìdí ọta Federal rọ̀ ju ti àwọn ilé-iṣẹ́ míì lọ, ìyẹn làwọn eléré ìje ń wá kiri bí sípírìngì wọn bá ti rọ̀. Ẹ fi ọta tí ìdí ẹ̀ le sínú ìbọn yẹn kan náà, ẹ máa gbọ́ "kẹ́", kò sì ní dún. Lórí pápá ìdíje, ẹ ti pàdánù máàkì. Bọ̀ọ̀dá yìí ra ìbọn tiẹ̀ láti fi ṣọ́ ilé.

Mi ò sọ pé sípírìngì rírọ̀ burú o. GP100 rọrùn láti tú, gbogbo ẹ̀yà tírígà ń jáde lódindi láti ìsàlẹ̀, sípírìngì hámà rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó wé bíi ti inú bíró. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ̀, kí wọ́n mú èyí tó rọ̀ díẹ̀ péré ju ti ilé-iṣẹ́ lọ, kí wọ́n fi í yin ọta tí wọ́n máa ń kó sínú ẹ̀ nílé gan-an, páálí mélòó kan, kí wọ́n má fa hámà lọ́wọ́. Bí ẹyọ kan bá kọ̀ láti dún, kí wọ́n dá ti àtijọ́ padà. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n má jù ú nù nìyẹn.

Sípírìngì míì wà tó ń dá tírígà padà síwájú. Ìyẹn náà ò gbọ́dọ̀ rọ̀ jù, torí bí wọ́n bá ń yìn kíákíá, tírígà ò ní padà dé ibi tó yẹ, ìka á sì máa fa òfìfo.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Smith & Wesson ńlá bíi tèmi, irin pẹlẹbẹ ni sípírìngì hámà tiwa, síkúrù kan sì wà níwájú ìdìmú tó ń fún un le. Mo ti rí àwọn tó ń tú síkúrù yẹn sílẹ̀ díẹ̀ kí tírígà lè rọ̀. Á rọ̀ lóòótọ́. Síkúrù yẹn á sì máa tú lọ bí wọ́n ti ń yìn ín, títí ọjọ́ kan tí hámà á fi gbá tí ohunkóhun ò ní ṣẹlẹ̀. Dídè pin ló yẹ kó wà.

Ìyá_Àdìrẹ_Ìtòkú

Ẹ kú àròyé o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀ bí mo ṣe ń ká aṣọ. Ẹni tó ní òun ò ríran, tírígà lẹ ń bá a tún ṣe? Kó rí ibi tó ń yìn sí ná!

Olójú_Awò

Mà á, ẹ ṣeun. Ojú ni iṣẹ́ tèmi, mi ò mọ ìbọn, ṣùgbọ́n ẹjọ́ yìí kì í ṣe tuntun sí wa. Láti bí ẹni ogójì ọdún lọ, ohun tó wà nínú ojú tó ń jẹ́ ká lè wo ọ̀nà jíjìn tán ká tún wo ìtòsí máa ń le, kò ní lè yí padà bíi ti ọmọdé mọ́. Ẹni tó gbé ìbọn sókè ń wo nǹkan mẹ́ta tí kò sí ní ibì kan náà: sáìtì ẹ̀yìn, sáìtì iwájú, àti àmì lọ́hùn-ún. Ojú kankan ò lè mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ti ọmọ ogún ọdún pàápàá ò lè ṣe é. Ṣé sáìtì iwájú ni wọ́n ń ní kí wọ́n wò?

Ẹ̀gbá_Texas

Sáìtì iwájú ni, dókítà. Ti ẹ̀yìn àti àmì lè ṣú díẹ̀, kò sí wàhálà.

Olójú_Awò

Ó dáa. Awò ìkàwé tó wà lójú bọ̀ọ̀dá, ibi tí èèyàn ń gbé ìwé sí ni wọ́n wọ̀n ọ́n sí, bíi sẹ̀ǹtímítà 40. Sáìtì iwájú wà níbi tí apá nà dé, ó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Awò olójú méjì tún burú, torí wọ́n á máa gbé àgbọ̀n sókè kí wọ́n tó lè fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò, ọrùn á sì máa ro wọ́n. Kí wọ́n na apá bí ẹni gbé ìbọn, kí ẹnì kan wọn ibi tí sáìtì iwájú wà sí ojú wọn, kí wọ́n mú iye yẹn lọ fún ẹni tó ń wo ojú wọn ní Houston. Lẹ́ǹsì kan ṣoṣo, fún ojú tí wọ́n fi ń wo sáìtì, ló máa tún nǹkan ṣe. Kí wọ́n sì ní kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò fún ojú tó ń ṣú kúrúkúrú. Ní ọjọ́ orí yẹn, ohun dúdú tó ń wọnú dúdú lè máà jẹ́ ẹ̀bi sáìtì.

Àbúrò_Sápọ̀n

Dókítà, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti fi ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ní ó tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti ṣe awò kẹ́yìn. Wọ́n wá ń bi mí pé ṣé kí wọ́n pààrọ̀ sáìtì náà pẹ̀lú.

Ẹ̀gbá_Texas

Ibí yìí ni kí owó igba dọ́là yẹn lọ, kì í ṣe inú tírígà.

GP100 tó ní sáìtì ẹ̀yìn tó ṣeé yí, tó sì jẹ́ íńṣì mẹ́rin, sáìtì iwájú rẹ̀ ṣeé yọ. Pín-ìn-nì kékeré kan wà níwájú rẹ̀: wọ́n á tẹ̀ ẹ́ wọlé, wọ́n á fa sáìtì jáde, wọ́n á ti tuntun bọ̀ ọ́. Àwọn kan wà tó ní ọ̀pá wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tàbí pupa nínú, tó ń kó ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ jọ, tó sì ń tàn rokoṣo lójú. Kò nílò bátìrì. Bí ilẹ̀ bá ṣú kò ní ṣiṣẹ́. Èyí tó ń tàn nínú òkùnkùn ni èyí tó ní gáàsì tritium nínú, ó wọ́n jù ú lọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì ti dín dé ìdajì láàárín bí ọdún 12.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ra ohunkóhun, kí wọ́n lọ sí ibi tí aya wọn ń kó àtíkè sí, kí wọ́n mú kútẹ́ẹ̀sì.

Ìyá_Àdìrẹ_Ìtòkú

Kútẹ́ẹ̀sì kẹ̀?! 😂😂

Ẹ̀gbá_Texas

Bẹ́ẹ̀ ni mà á, kì í ṣe àwàdà. Kí wọ́n fi sípírítì nu ọ́ìlì kúrò lójú sáìtì iwájú, ojú tó kọjú sí wọn nìkan. Kí wọ́n kun funfun ṣáájú, kó gbẹ, kí wọ́n wá kun ọsàn tó ń ta yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́ lé e.

Ìyá_Àdìrẹ_Ìtòkú

Ọ̀rọ̀ aró nìyẹn, ó yé mi. Bí abẹ́ bá dúdú, àwọ̀ òkè ò ní jáde. Funfun ló máa gbé ọsàn sókè. Ẹ sọ fún wọn kí àkọ́kọ́ gbẹ dáadáa o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á di rúdurùdu.

Ẹ̀gbá_Texas

@Ìyá_Àdìrẹ, ẹ̀yin gan-an lẹ yẹ kẹ́ ẹ máa dá wọn lóhùn. 

Lẹ́yìn ìyẹn, ilà funfun tó yí ihò sáìtì ẹ̀yìn GP100 ká, kí wọ́n fi máákà dúdú pa á rẹ́. Ìgbà tí ẹ̀yìn àti iwájú bá jọ ń pariwo, ojú ò mọ èyí tó máa dá lóhùn. Bí wọ́n bá fi kútẹ́ẹ̀sì yìn ín fún oṣù kan tí wọ́n rí i pé ọsàn dáa lójú wọn ju ewé lọ, nígbà náà ni wọ́n á mọ sáìtì tí wọ́n máa fowó rà.

Lọ́yà_Òkè_Ìlewó

Mo ń dúró kẹ́nì kan mẹ́nu ba ìlà tó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ Àbúrò_Sápọ̀n, gbogbo yín rò ó dànù. "Òun á gbé e wálé." Kí wọ́n má gbìyànjú ẹ̀.

Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959, tó wà nínú àkójọ òfin 2004, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni àwọn tó jẹ́ èèwọ̀, rifọ́fà àti gbogbo ìbọn ìléwọ́ sì wà níbẹ̀, àtèyí tó ń fi ẹ̀tù ṣiṣẹ́ bíi ti ayé àtijọ́, pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò-ọta. Ààrẹ nìkan ló lè fọwọ́ sí ìwé àṣẹ rẹ̀. Èkejì ni ìbọn ara ẹni, bí ìbọn ọdẹ òyìnbó tí kì í kó ọta fúnra rẹ̀, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ló ń fún wọn ní ìwé. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà àti irú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìní ìwé, òfin tó de ìdigunjalè àti ìbọn sọ pé owó ìtanràn 20,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì. Ẹ má jẹ́ kí 20,000 yẹn tàn yín. Adájọ́ ló máa yàn, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ìwé tí wọ́n fi rà á ní Houston ò jẹ́ nǹkan kan lójú aṣọ́bodè ní Ìkẹjà. Ọmọ ìlú wo ni wọ́n, ìpò wo ni wọ́n wà, kò kàn án.

Pánsẹ́kẹ́_Tẹkí

Áà! Ẹ̀gbá tó fi ìbọn lé Dàhómì padà ní 1851, wọ́n ní ká má ní rifọ́fà kan ṣoṣo?

Lọ́yà_Òkè_Ìlewó

Lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá ní Eléwéran, kí n wá gba béèlì ẹ. Owó iṣẹ́ mi ò kéré.

Ọmọ_Ọdẹ_Olúmọ

Ọlọ́pàá ò fi ọ̀rọ̀ ìbọn ṣeré láyé ìsìnyí, ṣakabùlà gan-an, ẹ ní kẹ́ ẹ mú ìwé rẹ̀ dání bẹ́ ẹ bá ń lọ sóko ọdẹ. Àwọn ọdẹ tó dàgbà ní ẹgbẹ́ wa kì í tiẹ̀ gbé e kọjá láàárín ìgboro mọ́ lójú ọ̀sán.

Àbúrò_Sápọ̀n

Lọ́yà, ẹ ṣeun gan-an. Mo pe bọ̀ọ̀dá lórí fóònù. Wọ́n kọ́kọ́ bínú, wọ́n ní ìbọn òun ni, owó òun ni. Ìyàwó wọn ló gba fóònù lọ́wọ́ wọn tó ní "ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ lọ́yà yẹn". Wọ́n wá ní ṣé àwọn lè fún ọmọ wọn tó ń gbé ní Georgia.

Ẹ̀gbá_Texas

Wọ́n lè fún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe kí wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́ lásán, torí ìpínlẹ̀ méjì ni. Ṣọ́ọ̀bù tó ní láísẹ́ǹsì ní Georgia ló máa gbà á, tí wọ́n á yẹ ọmọ náà wò kí wọ́n tó fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n tà á fún ṣọ́ọ̀bù ní Houston. Rifọ́fà tí ẹnikẹ́ni ò fi fáìlì kàn máa ń rí owó.

Àbúrò_Sápọ̀n

Ìròyìn dé. Wọ́n ti kun kútẹ́ẹ̀sì, wọ́n ti fa òfo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n sì ti lọ pápá. Ọta ò ya sósì tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọn ò tíì fọwọ́ kan sípírìngì. Ṣùgbọ́n ọta .38 Special (òun náà ń wọ ìbọn .357 yẹn) tó jẹ́ oníwúwo ń gun òkè ju ibi tí wọ́n fojú sùn lọ, .357 tó fúyẹ́ sì ń lọ sísàlẹ̀. Wọ́n ní sáìtì ti bà jẹ́.

Ẹ̀gbá_Texas

Kò bà jẹ́. Nínú rifọ́fà, ọta tó wúwo tí kò yára máa ń pẹ́ díẹ̀ nínú ọ̀pá, ẹnu ìbọn á sì ti gbéra sókè kó tó jáde, nítorí náà ó ń gun òkè. Èyí tó fúyẹ́ tó sì yára ti lọ kí ẹnu ìbọn tó gbéra tán. Kí wọ́n yan irú ọta kan, kí wọ́n jókòó síbi kan, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé àpò iyanrìn, kí wọ́n fa hámà ṣáájú, kí wọ́n yin márùn-ún síbì kan náà kí wọ́n tó yí ohunkóhun.

Sáìtì ẹ̀yìn ni wọ́n máa yí. Ibi tí wọ́n bá fẹ́ kí ọta lọ ni kí sáìtì ẹ̀yìn lọ: bí ọta bá ga jù, kí sáìtì ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀, bó bá wà lósì, kó lọ sápá ọ̀tún. Ti iwájú ló ń ṣe òdì kejì, bí wọ́n bá ra èyí tó ga ju ti àtijọ́ lọ, ọta á sọ̀kalẹ̀. Síkúrù òkè wà fún gíga, ti ẹ̀gbẹ́ wà fún òsì àti ọ̀tún. Kí wọ́n yí i díẹ̀, kí wọ́n yin márùn-ún míì, kí wọ́n wò ó. Kí wọ́n sì lo síkúrùdíráfà tó kún ojú ẹ̀ dáadáa, torí ojú síkúrù yẹn kéré, ó sì yára jẹ.